Òróró lọ́fíńdà ọ̀pọ̀tọ́: kí ló dé tí òórùn rẹ̀ fi ń yàtọ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Alájàpá Sábó (Ṣàgámù)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà nídìí lọ́fíńdà. Òróró ọ̀pọ̀tọ́ kan wà nílẹ̀ tí mò ń bù fún àwọn oníbàárà, 3ml àti 6ml. Tí èèyàn bá ṣí ìgò ẹ̀, òórùn ewé tútù ló kọ́kọ́ ń jáde, bí ìgbà téèyàn já ewé tòmátì tó sì fọwọ́ ra á. Lẹ́yìn ìyẹn ni èso tó pọ́n, tó ní wàrà díẹ̀ nínú. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ wá dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán lé. Inú ìgò nìyẹn o. Tó bá dé ara èèyàn ni ọ̀rọ̀ ń yí padà.

Lára obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, àgbọn nìkan là ń gbọ́. Lára màmá kan tó ń yan gàrí, èso ò sí níbẹ̀ rárá, ilẹ̀ àti èéfín ló kù. Lára ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan, ṣe ló ń kan, bíi wàrà tó ti sùn. Ẹnì kẹrin, tíṣà ni, ó bá a mu gan-an, àmọ́ kì í ju wákàtí kan lọ tó fi máa ní òun ò gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jókòó tì í ṣì ń gbọ́ ọ.

Ìgò kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi tọ́ ọ wò. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ló fà á, àwọn kan ní ara ẹlòmíì kì í gba lọ́fíńdà. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó fà á, kí n má di ẹni tó ń dá owó padà fún èèyàn lójoojúmọ́?

Bàbá Onígò (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àbúrò, fi ti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ná. Orí awọ ni lọ́fíńdà wà, kò débi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn.

Ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń so mọ́ ara igi létí odò lọ́dọ̀ wa níbí. Ìbátan ni wọ́n, àmọ́ ti ìlú Tọ́kì àti àgbègbè ibẹ̀ ni, èyí tí Bíbélì ń pè ní igi ọ̀pọ̀tọ́. Kò sì sẹ́ni tó ń fún òróró lára èso ẹ̀. Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn ara ẹ̀ kò tó nǹkan tí wọ́n lè kó jọ. Ewé ẹ̀ ló ní òórùn gidi, ewé ọ̀hún ló sì ń bá awọ jà tí oòrùn bá pa á, débi pé IFRA, ẹgbẹ́ tó ń gbé òfin kalẹ̀ fún àwọn tó ń po lọ́fíńdà kárí ayé, ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ògidì ewé yẹn sínú lọ́fíńdà mọ́. Torí náà gbogbo òróró ọ̀pọ̀tọ́ tó o bá rí lọ́jà, àpòpọ̀ ni. Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Olivia Giacobetti, ló po Premier Figuier ní 1994, ó tún po Philosykos ní 1996. Ọ̀nà tó là yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ń tọ̀ títí dòní.

Ìpín mẹ́ta ló wà nínú àpòpọ̀ náà, wọn kì í sì í kúrò lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé ló ń kọ́kọ́ sá lọ. Cis-3-hexenol wà níbẹ̀, òun ni òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kì í sì í dúró kí wọ́n kí i tán. Stemone náà wà níbẹ̀, òun gan-an ni ewé tòmátì tó o sọ yẹn, ó pẹ́ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni èso àti wàrà. Lactone ni wọ́n ń pe àwọn yẹn: gamma-octalactone, gamma-nonalactone. Òórùn àgbọn ni àwọn méjèèjì ní. O kà á dáadáa, àgbọn! Òórùn ọ̀pọ̀tọ́ inú lọ́fíńdà, àgbọn tí wọ́n so mọ́ ewé tútù ni. Ìgbà tí méjèèjì bá wà papọ̀ ni imú ń sọ pé èso nìyí. Tí ewé bá ti lọ, àgbọn á dá dúró. Ìpín ìsàlẹ̀ ni patchouli (òróró ewé kan tó ní òórùn ilẹ̀), vetiver (òróró gbòǹgbò koríko kan), igi, mísíkì. Àwọn yẹn wúwo. Kán patchouli sórí páálí, wàá ṣì máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ kẹta.

Ara tó móoru tó sì gbẹ á yára lé ewé lọ, ara tó ní ọ̀rá á dì í mú pẹ́. Nítorí náà àwọn oníbàárà ẹ kò gbọ́ òórùn mẹ́rin, ibi tí wọ́n bá òróró kan náà dé lójú ọ̀nà ló yàtọ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ (Ìpẹru)

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Àmọ́ ẹ ò tíì bi í ní ohun tó yẹ ká bi í. Alájàpá, kí ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń wẹ̀? Kí ni wọ́n fi ń para? Ibo ni wọ́n fi í sí?

Alájàpá Sábó (Ṣàgámù)

Mo ti bi wọ́n, Mà. Ti báńkì: ọṣẹ olóòórùn, ìpara alágbọn, ọrùn ọwọ́ ló fi í sí, inú ẹ̀rọ amúlétutù ló ń jókòó sí láti àárọ̀. Màmá onígàrí: ọṣẹ dúdú àti òrí, ọrùn ló fi í sí kó tó jókòó ti agbada. Mẹkáníìkì: petirólù ló fi ń ṣan ọwọ́, lẹ́yìn náà ọṣẹ ìfọṣọ, kì í para, abẹ́ apá ló fi í sí. Tíṣà: ọṣẹ tí ò ní òórùn, Vaseline fẹ́ẹ́rẹ́, abẹ́ àgbọ̀n àti àyà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ (Ìpẹru)

Ẹ wá wò ó báyìí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ti báńkì ló rọrùn jù. Bàbá ti sọ pé àgbọn ló wà láàárín òróró yẹn, òun náà ti fi àgbọn para kó tó débẹ̀. Àgbọn orí àgbọn. Ewé kékeré tó yẹ kó sọ ọ́ di ọ̀pọ̀tọ́, ìpara ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò yẹ kó pa ìpara ẹ̀ tì. Kó kàn fi kànìnkànìn àti omi fọ ibi tó máa fi òróró sí, kó nù ún gbẹ, kó fi ìpara tí ò ní òórùn kan ibẹ̀, tó bí ẹ̀wà kan. Tí ara gbẹ nínú atẹ́gùn amúlétutù, ìpara díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí lára tó gbẹ táútáú, òróró á wọlé, òórùn á sì tán kíá.

Màmá onígàrí, ohun mẹ́ta ló dé bá a. Òrí tí a fọwọ́ ṣe, tí wọn ò yọ òórùn ẹ̀, ó ní èéfín nínú láti ibi tí wọ́n ti yan èso ẹ̀. Ìtì igi tó ń jó lábẹ́ agbada ní èéfín tiẹ̀. Patchouli tó wà nísàlẹ̀ òróró náà sì jọ ilẹ̀ àti èéfín látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí mọra wọn, wọ́n á gbà fún ara wọn. Iná tó ń fẹ́ sí i lọ́rùn ti lé ewé àti èso lọ kó tó yan gàrí àkọ́kọ́ tán. Àṣìlò ni, kì í ṣe ara ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kó lò ó, lẹ́yìn ìwẹ̀, kó fi òrí para kó sì fi ẹ̀yìn etí àti inú ìgbọ̀nwọ́ sílẹ̀ láìpa. Ibẹ̀ ni òróró máa lọ. Tó bá sì fẹ́ràn èéfín yẹn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àwọn kan ń wá irú ẹ̀ kiri.

Ti mẹkáníìkì: ẹ kìlọ̀ fún un, abẹ́ apá kì í ṣe ibi lọ́fíńdà. Òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó ń gbé abẹ́ apá ló ń sọ ọ́ di kíkan. Àwọn lactone yẹn ní òórùn wàrà. Ohun tó kan tó bá pàdé wàrà, wàrà kíkan náà ni imú máa kà á sí. Kó wẹ̀, kó gbẹ ara dáadáa, kó fi sí àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn. Petirólù àti ọṣẹ ìfọṣọ tún ti fọ gbogbo ọ̀rá kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè dúró lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀ tó bá fi síbẹ̀. Kí ó sì jìnnà sí iṣẹ́ petirólù nígbà tó bá fẹ́ gbọ́ òórùn nǹkan kan, ìyẹn ò ṣòro láti mọ̀.

Ọmọ Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)

Màmá ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí tíṣà, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kì í ṣe ti ara, ti imú ni.

Òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ọ mọ́ àmọ́ ẹlòmíì ń gbọ́ ọ. Imú máa ń pa òórùn tó bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ rẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ ò ṣe gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ mọ́. Abẹ́ àgbọ̀n ló fi í sí, ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ imú ẹ̀ gan-an ló wà láti àárọ̀. Kó gbé e lọ sí ẹ̀yìn ọrùn tàbí inú ìgbọ̀nwọ́. Kó má tún un fi o, torí bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń di ẹni tí òórùn ẹ̀ ń ṣáájú ẹ̀ wọ kíláàsì.

Ohun kejì ni mísíkì. Àwọn mísíkì kan wà, Galaxolide wà lára wọn, tí imú àwọn èèyàn kan kì í gbọ́ rárá, bó ti wù kó pọ̀ tó. Kì í ṣe àìsàn. Tó bá jẹ́ pé mísíkì ló kù nísàlẹ̀ òróró yẹn lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹnì kan á ní ó ti tán, ẹnì kejì á ní ó wà níbẹ̀ gbọin. Àwọn méjèèjì ò purọ́.

Nípa ásíìdì ara tí wọ́n máa ń sọ: ara tó dá dúró máa ń wà ní nǹkan bíi pH 5 (pH ni òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó), ọṣẹ sì sábà máa ń wà ní 9 sí 10, ọṣẹ dúdú náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìwẹ̀ ara á yí padà fúngbà díẹ̀, á sì padà síbi tó wà. Kí ẹ tó di ẹ̀bi ru pH, ẹ yẹ ìpara wò.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ dájú? Ra sírínjì ínsúlíìnì tuntun, ti 1ml, tí wọ́n fi ìlà pín sí 100. Ìlà márùn-ún lórí ẹ̀ jẹ́ 0.05ml, ìyẹn tó ẹ̀kán kan. Yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ dànù. Ọjọ́ kìíní, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ọṣẹ kan náà tí ò ní òórùn fọ apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, kí wọ́n má para, kí wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara gbẹ kó sì tutù. Ìlà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ pa á. Kán ìlà márùn-ún míì sórí páálí funfun pẹlẹbẹ kan. Páálí yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ, torí kò ní ọ̀rá, kò ní òógùn, kò sì para. Gbọ́ wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí méjì, wákàtí márùn-ún, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Má gbára lé ìrántí. Tí imú bá ti rẹ̀ ọ́, jáde síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí ọ, ìyẹn ti tó. Kò dìgbà tó o bá gbé kọfí símú.

Ọjọ́ kejì, ṣe gbogbo ẹ̀ bákan náà, àmọ́ kí kálukú fi ìpara tiẹ̀ para. Tí ìyàtọ̀ bá hàn lọ́jọ́ kejì tí kò hàn lọ́jọ́ kìíní, ìpara ló fà á. Tó bá hàn lọ́jọ́ méjèèjì, ara wọn ló yàtọ̀ lóòótọ́: ooru ara, ọ̀rá ara. Tí páálí gan-an bá ń sọ àgbọn nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgò ẹ ló níṣòro.

Sírínjì náà, má lò ó pẹ́. Òróró lọ́fíńdà máa ń mú kí rọ́bà ẹnu ọ̀pá ẹ̀ wú, ó sì máa ń há.

Bàbá Onígò (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ Àgọ́ ṣe dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé téèyàn bá fi ọrùn ọwọ́ méjì rara, ó ti pa lọ́fíńdà, ẹ jọ̀ọ́, kò pa nǹkan kan. Ooru ìfọwọ́ra yẹn ló ń lé ewé lọ kíákíá. Fún òróró míì kò ṣe nǹkan kan, fún ọ̀pọ̀tọ́ ó burú torí ewé ni gbogbo ẹwà ẹ̀.

Alájàpá, ó jọ pé ògidì lò ń tà fún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ògidì ló dáa jù. Nínú ògidì, patchouli ti gun gbogbo ẹ̀ lórí, imú ò sì ráyè gbọ́ èso. Ó tún lè ta ara. Gbìyànjú 2ml òróró sí 8ml ohun tí a fi ń là á nínú ìgò 10ml. Ẹni tó bá fẹ́ kó le, 3ml sí 7ml. DPG (dipropylene glycol), ọ̀kan lára ohun tí a fi ń là á, máa ń fa òórùn sẹ́yìn díẹ̀, ó ń jẹ́ kó pẹ́. Isopropyl myristate, òun náà wà fún lílà, fúyẹ́, kì í jẹ́ kí ara yọ̀, ewé sì máa ń hàn nínú ẹ̀ dáadáa. Òróró àgbọn tí wọ́n ti yọ òórùn ẹ̀, tí kì í dì, náà dára. Òróró àgbọn tí wọ́n ń fún lọ́jà, má sún mọ́ ọn: òórùn tiẹ̀ á gba ti ọ̀pọ̀tọ́, bó bá sì pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Àdín ńkọ́? Ẹ̀rín ń pa mí. Pò ó, dé e pa, gbé e síbi tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan kó o tó gbọ́ ọ. Èyí tó o là fúnra ẹ tó o sì sọ fún oníbàárà, kì í ṣe jìbìtì.

Kí ẹni tuntun kọ́kọ́ fi ẹ̀kán kan sínú ìgbọ̀nwọ́, kó sì dúró dọjọ́ kejì. Bí òróró náà bá ní bergamot (òróró èèpo ọsàn kan) nínú, kó má fi sí ibi tí oòrùn ń pa. Ó máa ń fi àmì dúdú sílẹ̀ lọ́rùn, àmì yẹn kì í sì í tètè lọ.

Télọ̀ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ jẹ́ n sọ ti aṣọ, kí wọ́n má wá bá mi jà lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, gbogbo ẹgbẹ́ á gbé léèsì funfun jáde, wọ́n á sì fi òróró ra ọrùn aṣọ. Òróró ọ̀pọ̀tọ́ tó ní fànílà nínú máa ń sọ funfun di àwọ̀ tíì, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú àpótí ni. Ẹ fi sára, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tó wọṣọ. Ẹni tó bá dandan kó fi saṣọ, ẹ̀kán kan sára aṣọ inú níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Tó bá ti kán sórí léèsì, páúdà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù lé e kó fa òróró, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ àwo fọ̀ ọ́. Ẹ má lọ aṣọ tó ṣì lábàwọ́n, ìyẹn ló ń sé e mọ́bẹ̀.

Alájàpá Sábó (Ṣàgámù)

Ẹ ṣé gan-an. Bàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bí ẹni tó ń tà á fún mi bá ti bu nǹkan là á kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?

Bàbá Onígò (Ìjẹ̀bú-Òde)

Kán ẹ̀kán méjì sínú gíláàsì omi tútù. Ògidì á sábà dá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀. DPG máa ń wọ inú omi, torí náà tó bá pọ̀ nínú ẹ̀, wàá rí i tó ń tú bí okùn tín-ínrín, omi á sì dà bí ìgbà tí wọ́n fọ ìrẹsì nínú ẹ̀. Fún òróró ìdáná, pò ó mọ́ ethanol (spírítì) tó le, òróró ìdáná kì í yò nínú ẹ̀, á ṣú. Àwọn kan máa ń kán an sórí bébà kí wọ́n wo àbàwọ́n ọ̀rá. Mi ò gba ìyẹn gbọ́ tán, torí mísíkì àti patchouli tó jẹ́ ògidì náà ń fi àmì sílẹ̀. Èyí tó dáa jù ni kó o tọ́jú 1ml nínú èyí tó dára sínú ìgò dígí kékeré, kó o máa kán tuntun àti èyí yẹn sórí páálí méjì nígbàkígbà tó o bá ra ọjà.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ (Ìpẹru)

Alájàpá, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tó ń jẹ mí lọ́kàn. O ní ìgò kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi tọ́ ọ wò. Ṣé ìgò tó ní bọ́ọ̀lù lẹ́nu ni?

Alájàpá Sábó (Ṣàgámù)

Òun ni, Mà. Mo máa ń yí i sí wọn lára.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ (Ìpẹru)

Hà! Bọ́ọ̀lù yẹn ń kó ìpara, òógùn àti eruku láti ara ẹnì kan padà sínú ìgò ni. Òrí màmá onígàrí ti wà nínú ẹ̀, ìpara alágbọn náà ti wà nínú ẹ̀, ohun tó wà lára mẹkáníìkì pẹ̀lú. Gbé e sójú oòrùn wò, wàá rí i pé ó ti ṣú ju èyí tó ò tíì ṣí lọ. Má ta á mọ́, má sì fi ṣe àyẹ̀wò tí Ọmọ Àgọ́ sọ. Bu 2ml tuntun láti inú ìgò ńlá sínú ìgò ọlọ́mọrí lásán, kó o fi igi òwú tí wọ́n fi ń ro etí tọ́ ọ sí wọn lára, ọ̀kan fún ẹnì kan, kó má padà wọ inú ìgò. Oníbọ́ọ̀lù, ẹni tó bá ra á ni kó máa dá lò ó.

Alájàpá Sábó (Ṣàgámù)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sójú oòrùn. Ó ti ṣú o, Mà, nǹkan funfun kan sì ti yí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ká. Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí tábìlì. Ọjọ́ Ajé ni àyẹ̀wò ọjọ́ kìíní, láti inú ìgò tuntun.